Ẹni Tí Ó Ń Bá Agbo Rìn, Kí Ó Múra Bí Ẹni Tí Yóò Dá Rìn

Ní pápákọ̀ òfuurufú Guarulhos, lẹ́bàá ìlú São Paulo ní ilẹ̀ Bùràsílì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún, mo rí ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí ó dúró níwájú aṣọ́bodè, tí gèlè àǹkóò ẹgbẹ́ rẹ̀ ga lórí rẹ̀ tí ó ń dán yinrin, tí ojú rẹ̀ sì ń wá ẹnì kan kiri láàárín èrò bí ojú ọmọ tí ó já lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ́jà. Ohun tí aṣọ́bodè bi í kò ju mẹ́ta lọ: níbo ni ẹ ń lọ, níbo ni ẹ óò dé sí, ọjọ́ wo ni ẹ óò padà? Ìyá wa kò rí ọ̀kankan dáhùn nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé o. Obìnrin tí ó ti ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn fún ogójì ọdún, tí ó mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe òpè ènìyàn. Ohun tí ó fa sábàbí ni pé gbogbo ìwé rẹ̀, láti orí tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fi padà dé orí orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì tí a óò sùn sí, wà nínú àpò ẹni tí ó kó wa lọ, onítọ̀hún sì ti kọjá sí òdìkejì ògiri dígí, níbi tí a ti ń rí i tí òun kò rí wa, tí ó ń ka orí ènìyàn, tí orí kan sì ń dín.

Èmi náà wà nínú agbo yẹn, ènìyàn mẹ́rìnlélógún ni wá, láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó. Ó gbà wá ju ogójì ìṣẹ́jú lọ kí a tó rí ọ̀rọ̀ ìyá náà yanjú, bí ó sì ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé bí ayé ṣe ń já ènìyàn sílẹ̀ nìyí?” Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ yìí ti ń jà lọ́kàn mi.

Ìrìn àjò àrìnpọ̀ sí òkè òkun ti di àṣà láàárín wa. Bí àwọn kan ti ń kó ara wọn jọ lọ sí Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, tí àwọn mìíràn ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọléèwé àtijọ́, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ àwọn tí ó fẹ́ràn àṣà ń kó ara wọn jọ báyìí láti lọ wo ayé. Mo yin wọ́n, nítorí ẹsẹ̀ tí kò bá rìn jìnnà kì í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ tí kò bá sì dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe àkíyèsí pé bí a bá ti wọ agbo, a máa ń kó ara wa lé agbo lọ́wọ́ pátápátá, bí ẹni tí a gbé pọ̀n. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi í sọ àyà lóòótọ́; síbẹ̀, nínú ọwọ́ tí a kó jọ náà, ìka kọ̀ọ̀kan ni ó ní egungun tirẹ̀. Ẹni tí ó kó wa lọ lè bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó lè bá wa wá ilé sùn. Kò lè bá wa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wa, kò lè bá wa la ẹnu dáhùn níwájú aṣọ́bodè, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń dé iwájú aṣọ́bodè, a kì í dé ibẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́.

Ìpínlẹ̀ Bàhíà ní Bùràsílì ni agbo wa ń lọ. Kí ni ó gbé wa lọ síbẹ̀ ná? Ìlú Salvador tí ó wà níbẹ̀, tí ó jẹ́ olú ìlú Bùràsílì títí di ọdún 1763, wà lára ibi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ jù lọ, pàápàá nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́ lọ, tí ogun gba ilé tí ó gba oko. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó, ni wọ́n dìde ogun ní ìlú náà ní oṣù kìíní ọdún 1835, tí àwọn olówó ẹrú kò fi lè sun oorun àsùnpiyè mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nínú àwọn tí ó ra ara wọn padà ni a ti rí àwọn Àgùdà tí wọ́n tún omi òkun là padà wá sí Èkó Àkéte, tí wọ́n kọ́ ilé alárà tí ó fi Pópó Àgùdà hàn yàtọ̀ títí di òní. Àwọn tí kò rí ọ̀nà padà kò sì jókòó lásán. Àkàrà tí àwọn ìyá wọn ń dín lójú pópó ni wọ́n ń pè ní acarajé, epo pupa ni wọ́n ń fi dín in; ẹ̀kọ tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè ní acaçá; ilé òrìṣà tí wọ́n sì kọ́ sílẹ̀, orúkọ Kétu, ìlú Alákétu, ni wọ́n fi ń pe ìlànà rẹ̀. Ní ọdún 1910 ni ìyá kan tí ń jẹ́ Eugênia Ana dos Santos dá ilé òrìṣà Opô Afonjá sílẹ̀. Ní ọdún 1952, ẹni tí ó ń ṣe ìyálórìṣà ibẹ̀ nígbà náà, Mãe Senhora, gba oyè Ìyá Nàsó láti ọ̀dọ̀ Aláàfin Ọ̀yọ́ wá, Pierre Verger, òyìnbó Faransé kan tí ó ń ṣèwádìí àṣà wa, ni ó gbé ìwé rẹ̀ kọjá òkun fún un. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ìdí nìyí tí ọkàn Yorùbá fi ń fà sí ibẹ̀, ìdí nìyí náà tí ó fi ń dùn mí nígbà tí a bá dé ibẹ̀ láìmúra.

Ìwé ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Kí páásípọ́ọ̀tù rẹ ní ju oṣù mẹ́fà lọ sí ìgbà tí yóò kú. Kí o mọ ibi tí físà wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó kọ sí ara rẹ̀. Kí o ní fọ́tòkọ́pì ohun gbogbo nínú àpò mìíràn, kí ọmọ rẹ tí ó wà nílé sì ní ọ̀kan. Kí orúkọ inú tíkẹ́ẹ̀tì bá orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí orúkọ oyè, orúkọ ọkọ àti Alhaja tí a ń pè ọ́ ní àdúgbò kò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni tí ń wo kọ̀ǹpútà. Yẹ́lò káàdì ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ìwé tí a ń fi owó rà lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ ni. Rárá o. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ni káàdì náà ń jẹ́rìí sí, ó sì yẹ kí a ti gbà á, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kí a tó gbéra, nítorí ara kì í gba agbára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ọdún 2016 ni gbogbo ayé sì ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tí ó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan ti gbà á títí ayé rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀tàn lásán ni rántí ọkọ̀ ojú omi Aliança tí ó gbéra ní Bàhíà ní ọdún 1899, tí ó kó àwọn àgbà tí ó fẹ́ fi ojú rí ilẹ̀ baba wọn kí wọ́n tó kú, pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ ọmọ: àìsàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lójú agbami, ènìyàn kú, nígbà tí wọ́n sì fi ojú rí Èkó, wọn kò jẹ́ kí wọ́n tètè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èbúté a máa bèèrè pé kí ni ó wà lára rẹ kí ó tó bèèrè pé ta ni ọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo fẹ́ fi ohùn rara sọ. Bàbá kan nínú agbo wa, ọ̀gá olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀. Ó kó gbogbo oògùn náà sínú àpótí ńlá, ó ti àpótí, ó fi sílẹ̀ fún àwọn tí ń kó ẹrù sínú ikùn bàálù. A dé Salvador, àpótí kò dé. Ọjọ́ kejì rẹ̀ kò dé. Lálẹ́ ọjọ́ náà orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ bàbá, ojú rẹ̀ pọ́n, a sì ń sáré kiri láti ilé oògùn kan dé èkejì, àwa tí a kò gbọ́ Potogí, tí bàbá náà kò sì rántí orúkọ oògùn rẹ̀ ju pé “ẹ̀yọ funfun kékeré kan, àti èyí tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.” Ọlọ́run yọ wá, oníṣègùn òyìnbó kan tí ó ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan náà pẹ̀lú wa ni ó gbà wá sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá bi mí léèrè, ohun tí mo ń wí fún un ni pé kí gbogbo oògùn rẹ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ìgò tàbí páálí tí wọ́n fi tà á fún un, pẹ̀lú ìwé dókítà tí ó kọ orúkọ oògùn náà gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan fún un, kí ó sì gbé ti ọjọ́ díẹ̀ lé e nítorí ìdádúró. Olójú jínjìn, òkèèrè ni í ti í mẹ́kún sun. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àgbo dání, ẹ má bínú sí àwọn aṣọ́nà pápákọ̀ tí ó ń dà á nù: ohunkóhun tí ó bá jẹ́ omi tí ó ju ìwọ̀n 100 mílílítà lọ, wọn kì í jẹ́ kí a gbé e wọ inú bàálù lọ́wọ́. Páwà báǹkì náà ní òfin tirẹ̀: ọwọ́ ni a fi ń gbé e, a kì í fi sínú àpótí tí ó ń lọ sí ikùn bàálù, nítorí ó lè gbaná.

Àwa tí a gba ọ̀nà Addis Ababa lọ, ó dà bí ẹni pé a kọ ẹ̀yìn sí ibi tí a ń lọ: wákàtí márùn-ún sí ìlà oòrùn, lẹ́yìn náà bí wákàtí méjìlá sí ìwọ̀ oòrùn, tí a tún fò kọjá ilẹ̀ Áfíríkà kí a tó dé orí òkun. Afẹ́fẹ́ inú bàálù dà bí ti ẹni tí ó jókòó lórí òkè tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Ó gbẹ bí ọyẹ́, ẹsẹ̀ a máa wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan ẹni tí kò dìde. Nítorí náà, kí àgbàlagbà lọ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ó máa mu omi, kí ó máa dìde rìn lọ rìn bọ̀. Aṣọ àǹkóò dára fún àwòrán, ṣùgbọ́n ìró tí a dì le dandan àti gèlè tí kò jẹ́ kí a fi orí ti ìjókòó kì í ṣe aṣọ wákàtí méjìlá; ẹ jẹ́ kí a dì í sínú ẹrù, kí a wọ bùbá tí ó ṣò. Bí ẹ bá sì dé São Paulo, kí olúkúlùkù mọ̀ pé òun yóò gba ẹrù òun níbẹ̀, tí òun yóò gbé e kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, tí òun yóò sì tún fà á lé wọn lọ́wọ́ fún bàálù tí ń lọ sí Salvador. Níbẹ̀ ni agbo ti í fọ́nká, nítorí àwọn kan rò pé ẹrù yóò máa bá wọn lọ fúnra rẹ̀.

Nípa ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ pọ̀. Yorùbá kì í lọ kí ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, bí a bá sì ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà, kí ni ó tún wá sí ọkàn wa bí kò ṣe obì àti orógbó? Mo rí ẹnì kan tí ó di obì àbàtà sínú aṣọ, tí ó fi aṣọ náà sí abẹ́ bàtà nínú àpótí, bí ẹni gbé ohun olè. Bùràsílì kò fẹ́ kí kòkòrò ilẹ̀ mìíràn wọ oko rẹ̀; èso, kóró, ewé, ẹran àti ẹja gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè àṣẹ lé lórí, ẹni tí ó bá sì fi pamọ́ ni wọ́n ń jẹ níyà ju ẹni tí ó jẹ́wọ́ lọ. Wọ́n gba obì náà, wọ́n sọ ọ́ nù lójú wa, ó sì dùn wá bí ẹni pé wọ́n da omi sí wa lára. Bẹ́ẹ̀ ni òwò obì láàárín Èkó àti Bàhíà ti wà láti ayé àwọn baba wa: obì, orógbó, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì ni ọkọ̀ ojú omi ń kó lọ, títí di òní ni wọ́n sì ń pe aṣọ náà ní pano da Costa, aṣọ etíkun, tí etíkun náà sì jẹ́ tiwa. Ohun tí ẹni tí ó fi obì pamọ́ kò mọ̀ ni pé igi obì ti hù ní Bàhíà, ó ti so, ó ti di ọmọ ilẹ̀; bí ẹ bá dé ọjà São Joaquim ẹ óò rí i rà. Aṣọ òfì ńkọ́? Kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù tí ó dí i lọ́nà. Ẹni tí ó bá gbé sányán tàbí àlàárì kan tí a hun ní Ìṣẹ́yìn lọ fún ìyálórìṣà ní Salvador, mo fi ojú mi rí i, wọn yóò gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjì, wọn yóò fi kan iwájú orí, àwọn àgbà ibẹ̀ yóò sì sunkún.

Ṣùgbọ́n ìmúra tí mo ń pè ní ìmúra gan-an ni ti ọkàn. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Lálẹ́ tí wọ́n gbà wá láàyè láti wo ọdún ní ilé òrìṣà kan, tí gbogbo ilé funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, tí wọ́n ti yà wá sọ́tọ̀, ọkùnrin ní apá kan, obìnrin ní apá kejì, ọ̀kan nínú wa gbé fóònù sókè, ó ń ya àwòrán. Ìlù dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, ó bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ó fi í pamọ́, ojú sì ti gbogbo wa. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí Yorùbá inú orin wọn, pé ohùn kò lọ bí ó ti yẹ, pé òun yóò tọ́ wọn sọ́nà. Ẹ̀yin ará mi, àwọn ènìyàn tí ẹ ń wò wọ̀nyí fi Yorùbá náà pamọ́ sínú ẹnu fún ìran dé ìran, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń na ènìyàn nítorí rẹ̀. Títí di ọdún 1976, ilé òrìṣà ní Bàhíà kò gbọdọ̀ ṣe ọdún láìgba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ìwọ tí ẹnikẹ́ni kò nà rí nítorí èdè rẹ, tí ọmọ rẹ ní Èkó kò sì gbọ́ ọ, ẹ̀kọ́ wo ni o fẹ́ kọ́ wọn? Bí o bá jẹ́ ọmọ ìjọ tàbí o jẹ́ ààfáà, kò sí ẹni tí yóò fi agbára mú ọ forí balẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ju kí o wọ aṣọ funfun, kí o jókòó jẹ́ẹ́, kí o sì gbọ́. Kí àwọn tí ó ń ṣètò ìrìn àjò sọ èyí fún wa nílé, kí a tó gbéra, kì í ṣe nígbà tí ìlù bá ti dákẹ́.

Mo ń bẹ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ nítorí náà. Ìpàdé mẹ́fà ni a ṣe kí a tó lọ. Márùn-ún nínú rẹ̀ ni a fi jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ, ẹ̀kẹfà ni a fi gba owó. Ẹ yọ ìpàdé mẹ́ta sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó ń lọ, ibi tí yóò sùn, ọjọ́ tí yóò padà, ní èdè tí ó bá gbọ́, kí a tún kọ ọ́ ní Potogí sórí páálí kékeré fún un. Ẹ kọ́ wọn ní “bom dia” fún ẹ kú àárọ̀ àti “por favor” fún ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ọkùnrin pé “obrigado” ni yóò máa fi dúpẹ́, kí obìnrin máa wí pé “obrigada.” Ẹ sọ fún wọn pé bí ọ̀sán gangan bá kàn ní Ìbàdàn, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ní Salvador, kí wọ́n má baà pe ọmọ wọn láàárín òru. Ẹ so àgbà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀dọ́ kan, kí ọ̀dọ́ náà mọ orúkọ oògùn rẹ̀. Owó tí a ń lò lórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá kejì tó láti fi ra ìwé ìdójútòfò ìlera fún àgbàlagbà tí ó ń lọ. Èmi yóò yan ìdójútòfò.

Ìyá wa ti Gbági pè mí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn tún ń múra, pé òun yóò tún lọ, pé ẹnikẹ́ni kò ní í gba ìwé òun mọ́wọ́ mọ́ láéláé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ti rán àpò kan fún un tí ó ń dè mọ́ ìdí lábẹ́ ìró: páásípọ́ọ̀tù wà níbẹ̀, yẹ́lò káàdì wà níbẹ̀, oògùn ọ̀sẹ̀ kan wà níbẹ̀, àti páálí tí wọ́n kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì sí. Ó kà á fún mi lórí fóònù, lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró díẹ̀ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọmọ mi, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé ‘ẹrù mi dà?’”